Èsì àyẹ̀wò kọ́mpílímẹ́ǹtì yín kò dáa? Ẹ ka èyí ná

Kí ni kọ́mpílímẹ́ǹtì ń ṣe lára?
Purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n, ẹ̀dọ̀ ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù. Tí kòkòrò àrùn bá wọlé, C3, ọ̀kan nínú wọn, á lẹ̀ mọ́ ọn lára kí sẹ́ẹ̀lì funfun lè rí i gbé mì. C5 sí C9 á sì dá a lu, omi á ya wọ inú rẹ̀, á bẹ́.

Ṣé àgbo tàbí fítámì lè gbé e sókè?
Rárá.

Ọ̀fun dun ọmọ mi lọ́jọ́sí. Ojú rẹ̀ ti wú báyìí, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, C3 rẹ̀ sì wálẹ̀.
Ó jọ pé àrùn ọ̀fun yẹn ló ti kan kíndìnrín rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lónìí. C3 sábà máa ń padà sípò láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Bí kò bá padà, dókítà kíndìnrín ló kàn.

C3 àti C4 pé, àmọ́ CH50 jẹ́ òdo. Ṣé ara ọmọ mi kò lè bá àrùn jà ni?
Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà wà kó tó dé láàbù. Ó ti sú mi láti máa rí ìyá tó ń sunkún nítorí túúbù tí oòrùn pa.

C3 àti C4 ń sọ iye purotéènì tó wà. CH50 ló ń sọ bóyá wọ́n ń ṣiṣẹ́: a ó po omi ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà mọ́ ẹ̀jẹ̀ àgùntàn tí áńtíbọ́dì (purotéènì tí ara fi ń sàmì sí ohun àjèjì) ti lẹ̀ mọ́, ká wò ó bóyá yóò bẹ́. Ooru sì ń ba iṣẹ́ yẹn jẹ́. Ìwọ̀n 56°C fún 30 ìṣẹ́jú ti tó láti pa á, bẹ́ẹ̀ ni wákàtí mélòó kan lórí tábìlì náà á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Wọ́ọ̀dù kan wà tó jẹ́ pé òdo ṣáá ni tiwọn. A pààrọ̀ oògùn àyẹ̀wò, a pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ àgùntàn, kò yí padà. Bẹ́ẹ̀ túúbù ẹni tára rẹ̀ le ń pọ́n dáadáa bíi sóbò, ó fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ àgùntàn inú rẹ̀ bẹ́. Nínú tiwọn, ẹ̀jẹ̀ náà sùn sísàlẹ̀, omi òkè mọ́ kedere. Mo bá tẹ̀ lé túúbù náà dé wọ́ọ̀dù. Ojú fèrèsé ni wọ́n ń tò wọ́n sí, nínú oòrùn, títí ọlọ́kadà yóò fi dé lọ́sàn-án. A tún ẹ̀jẹ̀ gbà. Bó ti dì tán, a yọ omi rẹ̀, a gbé e sórí yìnyín, ó sì wọ fírísà -80°C. Gbogbo wọn ló pọ́n, àfi ti ọmọ kan.

Tó bá ṣì jẹ́ òdo lẹ́yìn àtúnṣe ńkọ́?
Bíi ti ọmọ yẹn nìyẹn. Yírùnyírùn ti kọlù ú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú C5 sí C9 má sí láti ìgbà ìbí, wọ́n sì ni ara fi ń pa kòkòrò yírùnyírùn tí wọ́n ń pè ní Neisseria meningitidis. Ẹ wá dókítà tó mọ̀ nípa àjẹsára ara, ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára yírùnyírùn, ACWY àti B, kẹ́ ẹ sì yẹ àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò. Bí ibà bá dé pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí àti ọrùn tó le, ẹ má yà sí kẹ́míìsì.