Àlọ́ wọ inú fóònù, ègbè kò wọlé

Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, fóònù ni mo sì fi ń tà á ju ìsọ̀ lọ. Mo mọ bí a ṣe ń ya fọ́tò aṣọ kí aró rẹ̀ lè yọ, mo mọ bí a ṣe ń gé fídíò kí oníbàárà má baà sá lọ. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ẹbí ní kí n gba àlọ́ Ìyá Àgbà sílẹ̀ kí àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn odi lè máa gbọ́ ọ, mo ní kí ló wà níbẹ̀? Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà mí.

Ní ọjọ́ kìíní, mo lé gbogbo ọmọdé jáde, mo pa fáànù, mo ti fèrèsé. Mo gbé fóònù sórí àpótí níwájú màmá, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ máa pa á." Wọ́n tún gèlè wọn wé, bí ẹni pé fóònù ń wò wọ́n, wọ́n wá ké e: "Ààlọ́ o!"

Mo dákẹ́. Mi ò fẹ́ kí ohùn mi wọ inú rẹ̀.

"Ààlọ́ o!"

Mo juwọ́ sí wọn pé kí wọ́n máa bá a lọ.

"Ṣé ògiri ni mò ń pa á fún ni?" Wọ́n dìde, wọ́n lọ wo ẹ̀wà wọn lórí iná. Iṣẹ́ ọjọ́ kìíní parí nìyẹn.

Ní alẹ́ kejì mo kó àwọn ọmọ ilé jọ, mo fi ti alájọgbé wa kún wọn. Àlọ́ Ìjàpá àti Ajá tí wọ́n lọ jí iṣu lóko olóko ni màmá pa. Ajá mú ìwọ̀n tó lè gbé, Ìjàpá di ẹrù tó ju ara rẹ̀ lọ, ó wá ń fi orin bẹ Ajá pé kó ran òun lẹ́rù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á kígbe pe olóko. Ibi orin yẹn gan-an ni àlọ́ wà. Àwọn ọmọ gbe orin títí ajá àdúgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, ó kúkú bá àlọ́ mu. Àfi ìgbà tí mo gbọ́ ohun tí mo gbà sílẹ̀. Ohùn màmá mọ́ kedere, ṣùgbọ́n ti àwọn ọmọ ń yọ, ó ń rì, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi. Àtẹ́wọ́ kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ rárá.

Fóònù kò bàjẹ́ o. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́. Áàpù tí mo lò ní ohun kan nínú tó ń pa ariwo: ohùn kan ṣoṣo tó sún mọ́ ọn ló ń wá, gbogbo èyí tó kù, ì báà jẹ́ jẹnẹrétọ̀, ì báà jẹ́ ègbè, ariwo ni lójú rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ìpàdé láti yàrá rẹ̀ ló wà lọ́kàn ẹni tó ṣe é, kò ro ti alálọ̀ọ́ mọ́ ọn. Mo wọ sẹ́tìńgì, mo pa á. Mo yí irú fáìlì tó ń gbà sílẹ̀ sí WAV, torí MP3 máa ń ju díẹ̀ nù lára ohùn kí fáìlì lè kéré. Mo fi fóònù sí airplane mode kí ìpè má baà já wọ àárín àlọ́, mo ká àdìrẹ mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀ kí pákó àpótí má baà máa dún. Àwọn ọmọ jókòó yí i ká, kò sí ẹni tó wà lẹ́yìn. Ti alẹ́ kẹta dára.

Kì í ṣe òní ni ọ̀rọ̀ Yorùbá ti ń wọ inú ohun tuntun ní ìlú yìí, tí a bá rò ó dáadáa. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1859 ni Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere ìjọ CMS (Church Missionary Society), gbé Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta níbí. Òun ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ní 1959, tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ìwé kì í gbe orin, tẹlifíṣọ̀n kì í sì í gbọ́ bí ọmọ tó jókòó síwájú rẹ̀ bá dáhùn. Fóònù ní tirẹ̀ ní etí, ó ní ẹnu. Ìdí nìyí tó fi bí mi nínú pé òun náà fẹ́ kí màmá dá àlọ́ pa.

Mo wá ní kí àwọn ọmọ-ọmọ màmá tó wà ní Èkó, Ìlọrin àti Kánádà bá wọn gbe orin náà. Mo kọ́kọ́ pe gbogbo wọn pọ̀ lórí WhatsApp, ìyẹn ò sì dáa rárá. Ohùn máa ń rìn kó tó dé. Ìrìn náà lè má tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n orin kì í dúró deni. Kí ègbè Kánádà tó dé, màmá ti bọ́ sí ẹsẹ̀ kejì. Mo já ìpè. Mo gé ibi tí màmá ti ń lé orin, mo fi àtẹ́wọ́ kan síwájú rẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Mo ní kí kálukú fi íapíìsì gbọ́ ọ, kó fi fóònù mìíràn gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, kó sì pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú tèmi. Àtẹ́wọ́ yẹn ni gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀. Nínú Audacity, áàpù tí a fi ń gé ohùn, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, àtẹ́wọ́ máa ń yọ sókè bí ẹ̀gún lójú ìlà ohùn. Mo ń fa àwọn ẹ̀gún náà títí wọ́n fi tò sábẹ́ ara wọn, elégbè mẹ́fà sì di agbo kan.

Ibi tí mo ti fẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ nìyí. Áàpù tí mo fi ń gé fídíò àdìrẹ ní bọ́tìnì tó ń yọ gbogbo ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Àlọ́ ìṣẹ́jú mọ́kànlá di méje, màmá sì wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Ibi tí wọ́n ti máa ń dúró, tí wọ́n á wo ojú àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan kí Ìjàpá tó na ọwọ́ sí iṣu, ti lọ. Mo dá gbogbo rẹ̀ padà. Mo tún fi kún un: nígbà tí orin padà wá gbẹ̀yìn, mo yọ ègbè, mo fi àlàfo sílẹ̀ kí ẹni tó ń gbọ́ gbe é fúnra rẹ̀. Fídíò ni mo fẹ́ sọ ọ́ dà, ṣùgbọ́n YouTube Shorts kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, nítorí náà mi ò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Fún ọ̀rọ̀ tó ń hàn nísàlẹ̀ fídíò, mo dán Whisper wò, ẹ̀rọ AI tó ń sọ ohùn di ọ̀rọ̀ kíkọ, èyí tí ilé iṣẹ́ OpenAI gbé jáde ní 2022, torí Yorùbá wà lára èdè tó gbọ́. Ó gbọ́ díẹ̀. Ibi tí Ìjàpá ti ń bẹ Ajá, "eru" ló kọ. Ṣé ẹrù ni, àbí ẹ̀rù, àbí ẹrú? Ẹrù wà lórí Ìjàpá, ẹ̀rù ń ba Ajá, ẹni tó bá sì ka "eru" lásán á máa wá ẹrú kiri nínú oko iṣu. Mo fi kíbọọ̀dù Yorùbá ti Gboard tẹ̀ ẹ́ fúnra mi, alẹ́ méjì gbáko.

Àwòrán ló dùn mọ́ mi jù. Mo kọ́kọ́ ní kí ẹ̀rọ AI ya Ìjàpá nínú oko iṣu. Irú ti inú òkun ló yà, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí bí àjẹ̀, iṣu rẹ̀ sì jọ kúkúndùkún. Mo pa á tì, mo tọ ìyá aláró tó ń bá mi ṣe aṣọ lọ. Wọ́n ro ẹ̀kọ láfún, láfún kan náà tí àwa Ẹ̀gbá fi ń jẹ ewédú, wọ́n fi álọ́ọ̀mù sí i, wọ́n ki ìyẹ́ adìyẹ bọ̀ ọ́, wọ́n sì ya Ìjàpá láìgbé ọwọ́. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í ráyè mu. Wọ́n rì í, wọ́n sá a, wọ́n tún rì í. Nígbà tí wọ́n ha ẹ̀kọ kúrò, Ìjàpá yọ ní funfun lójú aró, ẹrù lórí, ọrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú tán. Aṣọ mẹ́fà, àwòrán mẹ́fà. Abẹ́ òjìji ni mo ti ya fọ́tò wọn. Nínú fídíò, mo kàn ń sún mọ́ wọn díẹ̀díẹ̀ ni.

Mo fi í ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹbí bíi document, torí tí ẹ bá fi í bíi fídíò, WhatsApp á fún un pọ̀, àwòrán á sì ṣú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni màmá gbọ́ ọ, fóònù wà lórí itan wọn. Nígbà tí "Ààlọ́ o" tiwọn jáde, àwọn fúnra wọn ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó dé ibi orin, wọ́n gbé ọwọ́ sókè pé kí n dá a dúró.

"Ta ni èyí tó ń pẹ́ dé yìí?"

Mo ti gbọ́ ọ. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gún náà ni kò tò dáadáa, ti ọmọ Ìlọrin. Mo ní, "Màmá, mo lè tún un ṣe."

"Fi í sílẹ̀ jàre. Bí bàbá rẹ̀ náà ṣe máa ń gbe é nìyẹn."