Ata ilẹ̀ pupa inú ike kò jẹrà mọ́ nígbà ọyẹ́

Láti oṣù Kọkànlá ni ewé ata ilẹ̀ pupa inú ike máa ń pọ́n, tí yóò sì wó lulẹ̀. Ní Òṣogbo, a sábà máa ń rò pé òùngbẹ ni, la bá ń bomi sí i lójoojúmọ́. Kó tó di oṣù Kejì, ata inú ilẹ̀ ti rọ̀, ó ń rùn. Kì í ṣe òùngbẹ rárá, ó ń sinmi ni. Ewé ló ń fa omi sókè. Bí ewé bá ti kú, omi á dúró sínú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ò ní ráyè wọlé, ata á sì jẹrà.

Ohun tó yanjú rẹ̀ nìyí. Bí ìdajì ewé bá ti pọ́n, ẹ dín omi kù sí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ, ẹ gé e, ẹ gbé ike síbi ìbòòji lórí bíríkì 2 kí ihò ìdí rẹ̀ má bàa dí. Ẹ yọ abọ́ abẹ́ rẹ̀ kúrò. Abọ́ yẹn ló ń ba nǹkan jẹ́ jù.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó gbẹ táútáú o, torí ọyẹ́ á mú kí ata hunjọ. Ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì. Bó bá ṣì tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá gbẹ, ife omi kan tó fún ike lítà 10, láàárọ̀, bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 síra. Ìkòkò amọ̀ máa ń yára gbẹ ju ike lọ, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Èyí tó ti ń jẹrà, ẹ wú u, ẹ gé ibi tó rọ̀ dànù, ẹ fi eérú pa ojú ọgbẹ́, ẹ sá a síbi ìbòòji fún ọjọ́ 3 kí ẹ tó tún un gbìn. Ẹ má tíì bomi sí i lójoojúmọ́, ó di ìgbà tí ọ̀mùnú bá yọ.