Tíìmù tó ti gba ife: bí kóòṣì ṣe lè le mọ́ wọn tí ò fi ní bà á jẹ́

Ká sòótọ́, tíìmù básíkẹ́ẹ̀tì tó ń fìdí rẹmi ò ṣòro láti le mọ́, torí àwọn fúnra wọn ti mọ̀ pé nǹkan ò dáa, ẹ ní kí wọ́n sáré wọ́n á sáré. Ibi tíṣẹ́ wà ni tíìmù tó ti borí borí tó ti mọ́ wọn lára, táwọn èèyàn ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ ya fọ́tò, tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n sáré wọ́n á kọ́kọ́ wojú ara wọn ná. Ṣé líle mọ́ irú wọn máa ń ṣiṣẹ́? Ó ń ṣiṣẹ́ o, àmọ́ ariwo kọ́ ló ń ṣe é. Ohun tẹ́ ẹ bá le lé lórí, ẹni tẹ́ ẹ bá fi bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣe é ló máa sọ bóyá wọ́n á jí tàbí wọ́n á kẹ̀yìn sí yín.

Ẹ wo tíìmù Los Angeles Lakers. Wọ́n gba ife NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì tó ga jù ní Amẹ́ríkà, ní 1980, stáà wọn Magic Johnson ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé wọ́n á tún gbà á. Ní 1981, Houston Rockets lé wọn wálé ní ìpele àkọ́kọ́ playoffs, ìyẹn ìdíje tí wọ́n fi ń parí sáà, Rockets tó jẹ́ pé géèmù 40 ni wọ́n borí nínú sáà yẹn tí wọ́n sì fìdí rẹmi nínú 42! Lóòótọ́ Magic ṣèṣe lórúnkún, kò gbá ju ìlàjì sáà lọ, ṣùgbọ́n Pat Riley tó jẹ́ igbákejì kóòṣì níbẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ àìsàn kan tó máa ń mú àwọn tó bá ti borí, àìsàn "ó yẹ kí tèmi pọ̀ sí i". Ẹnì kan fẹ́ kí ìṣẹ́jú tóun ń gbá pọ̀ sí i, ẹnì kejì fẹ́ kí wọ́n máa gbé bọ́ọ̀lù fóun jù, ẹlòmíì owó ló ń wò, ẹlòmíì orúkọ ẹ̀ nínú ìròyìn. Kò sí ìkankan nínú wọn tó burú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó kàn jẹ́ pé bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló wà lórí kọ́ọ̀tù.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó rẹ̀ wọ́n ni àbí wọ́n ti ń gbéra ga

Ibí yìí lọ̀pọ̀ kóòṣì ti ń ṣì í, ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀. Ẹ gbé fídíò géèmù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, ẹ má wo bọ́ọ̀lù rárá, ẹsẹ̀ àwọn tí bọ́ọ̀lù ò sí lọ́wọ́ wọn ni kẹ́ ẹ wò. Ẹni tó rẹ̀, ṣúùtù ẹ̀ á máa kúrú, á máa lu iwájú irin, á fẹ́ sáré padà wá dí ilé ṣùgbọ́n àwọn tó kù á ti ṣáájú ẹ̀ débẹ̀, ẹ ó sì rí i tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó di orúnkún mú gbàrà tí réfìrì bá ti fun fèrè. Ẹni tí ìgbéraga ń ṣe ní tiẹ̀, tó bá ti di ká lọ jù ú sáwọ̀n ara ẹ̀ á yá gágá, àmọ́ tí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn kejì, á na ọwọ́ sókè, á máa bá réfìrì rojọ́, á wá máa fẹsẹ̀ gbálẹ̀ bọ̀. Lójú ẹni tó ń wo ìwé èsì nìkan, àwọn méjèèjì ṣe bákan náà, wọ́n jẹ́ kí alátakò gba góòlù ọ̀fẹ́.

Tẹ́ ẹ bá wá le mọ́ ẹni tó rẹ̀, ẹ máa ṣe é léṣe ni o. Ìsinmi ni tiẹ̀. San Antonio Spurs tó gba ife ní 2014, kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ìṣẹ́jú tó ń gbá ní géèmù kọ̀ọ̀kan tó 30 tí wọ́n bá pín in dọ́gba, síbẹ̀ géèmù 62 ni wọ́n borí nínú sáà yẹn, mo dẹ̀ rò pé kò sẹ́ni tó máa pe Gregg Popovich tó kọ́ wọn ní kóòṣì tó rọ̀. Ẹni tó ń fún wọn nísinmi náà ló ń pariwo lé wọn lórí, méjèèjì ò ta kora.

Ohun tó wà níkàáwọ́ wọn ni kẹ́ ẹ le lé

Bóyá bọ́ọ̀lù wọlé tàbí kò wọlé, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ẹnikẹ́ni lè ta kó má wọlé. Àmọ́ kí èèyàn sáré padà, kó fara ti alátakò kúrò lábẹ́ àwọ̀n kó tó fò fún rìbáǹdì, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó ta padà, kó máa pariwo sí ẹnì kejì ẹ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ, ìyẹn ò nílò ẹ̀bùn kankan, nítorí náà kò sí àwíjàre fún un, yálà fún stáà tàbí fún ẹni tó ń jókòó ní bẹ́ǹṣì.

Tẹ́ ẹ bá sì máa sọ̀rọ̀, kí ọ̀rọ̀ náà ní nǹkan nínú. "Ọ̀lẹ ni ẹ́, o ti wá gbàgbé ara ẹ," kí lọmọ yẹn fẹ́ fi ṣe nínú ìṣẹ́jú tó ń bọ̀? Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní, "Nígbà tí nọ́ńbà 7 gba ẹ̀yìn ẹ kọjá, ojú ẹ wà lára bọ́ọ̀lù, na ọwọ́ kan kàn án kó o máa mọ ibi tó wà," ó ti mọ ohun tó máa ṣe, ẹ lè fi ohùn líle sọ ọ́, kò sí wàhálà. John Wooden tó kọ́ tíìmù yunifásítì UCLA gba ife 10 láàárín ọdún 12, láti 1964 dé 1975, àwọn olùwádìí méjì jókòó ti tírénìn ẹ̀ nínú sáà 1974 sí 1975, wọ́n ń kọ gbogbo ohun tó ń sọ sílẹ̀. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọ̀rọ̀ ẹ̀ ló jẹ́ àlàyé bí wọ́n ṣe máa ṣe nǹkan, ìyìn kékeré, ìbáwí kékeré. Tẹ́nì kan bá ṣe é gbòdì, á fi bó ṣe yẹ kó rí hàn án, á sín bí òun náà ṣe ṣe é jẹ, á tún fi bó ṣe yẹ hàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, gbogbo ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Ọkùnrin yìí kan náà ló máa ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wọ ìbọ̀sẹ̀ o, kí wọ́n fà á kó tẹ́jú kó má ká jọ kankan níbi ìka àti gìgísẹ̀, torí tó bá ká jọ á bó wọn lẹ́sẹ̀, ẹni tẹ́sẹ̀ ẹ̀ bó ò lè ṣe tírénìn. Mo ka ìyẹn sí líle gan-an, ó ju ká máa ju àga lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n borí ni kẹ́ ẹ le

Kóòṣì tó máa ń bú wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá fìdí rẹmi, tó máa ń bá wọn jó lọ́jọ́ tí wọ́n bá borí, èsì ló ń tẹ̀ lé, àwọn ọmọ dẹ̀ mọ̀. Ẹ yí i padà. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ na àwọn kan pẹ̀lú pọ́ìntì 25, inú gbogbo èèyàn ń dùn, lọ́jọ́ kejì ẹ mú fídíò ibi mẹ́ta péré jáde, ibi tí wọ́n ti dẹwọ́ torí pé wọ́n ń borí, ẹ fi hàn wọ́n, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ láì fi dídùn bò ó, ẹ pa á, ẹ wọ tírénìn. Ẹ má fi han wọ́n tó ogún o, tó bá ti pọ̀ wọn ò ní gbọ́ ìkankan. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fìdí rẹmi lẹ́yìn tí wọ́n sa gbogbo agbára wọn, ẹ jẹ́ kó mọ níwọ̀n.

Àwọn tó ti ń borí tún máa ń nílò kí nǹkan le fún wọn ní tírénìn ju géèmù lọ. Nínú géèmù NBA tó lé ní 18,000 táwọn olùwádìí yẹ̀ wò, tíìmù tí alátakò fi pọ́ìntì kan ṣáájú ní háfù-táìmù máa ń borí ju bí èèyàn ṣe máa retí lọ, ìyẹn ni pé kéèyàn wà lẹ́yìn díẹ̀ lè ta á jí. Ẹ lè ṣe tiyín: ẹ fún àwọn ọmọ bẹ́ǹṣì ní pọ́ìntì 8 ọ̀fẹ́, ẹ ṣètò aago sí ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹ ní kí àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ wá lé e bá, réfìrì ò ní fún wọn ní fáwùlù tó bá fúyẹ́. Tíìmù obìnrin yunifásítì UConn tí Geno Auriemma jẹ́ kóòṣì wọn, àwọn ọkùnrin ni wọ́n máa ń bá ṣe tírénìn, wọ́n borí géèmù 111 léra wọn kí Mississippi State tó wá fi 66 sí 64 já a ní 2017. Ṣé ẹ rí i, nínú irú tírénìn báyìí ẹ ò nílò láti pariwo, síkọ̀ọ̀ tó wà lára ògiri ló ń bá yín pariwo.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀

Tẹ́ ẹ bá ń bú ọmọ kejìlá tó gbẹ̀yìn ní bẹ́ǹṣì tí stáà ń ṣe bó ṣe wù ú, gbogbo yàrá ìmúra á ti mọ̀ pé ẹ̀ ń bẹ̀rù ẹnì kan. Nígbà tí Popovich ń kọ́ Spurs, ó máa ń le mọ́ stáà wọn, Tim Duncan, lójú gbogbo èèyàn, Duncan á dákẹ́ á wò ó, á padà lọ ṣe é. Ta ló wá fẹ́ sọ pé òun ò lè gbọ́ báwí nígbà tí Duncan gbọ́? Àmọ́ ẹ má kàn lọ ká stáà yín mọ́ lójijì o. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀ ṣáájú sáà, ẹ bá a sọ ọ́: "Mo máa le mọ́ ẹ ju gbogbo wọn lọ, torí tó o bá gbà á, wọ́n á gbà á. Ibi tó o bá rí i pé mo ti kọjá àyè, wá bá mi, èmi àti ẹ nìkan." Tó bá ní òun ò lè gbà á, ó sàn kẹ́ ẹ mọ̀ nísinsìnyí.

Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra, gbogbo wa la mọ ìyẹn, ṣùgbọ́n nínú tíìmù ọwọ́ ọ̀tún ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ẹni tẹ́ ẹ ò béèrè ara ẹ̀ rí, tẹ́ ẹ ò mọ̀ bóyá ìyá ẹ̀ ń ṣàìsàn, ìbínú yín nìkan ló mọ̀, ó ti tó kó kẹ̀yìn sí yín.

Ẹ mọ ibi tó ń parí sí

Ìwádìí kan tó jáde ní 2019 gbọ́ ọ̀rọ̀ háfù-táìmù 304 látẹnu kóòṣì básíkẹ́ẹ̀tì níléèwé girama àti yunifásítì. Kóòṣì tí inú ẹ̀ ò dùn, tó fi hàn, tíìmù ẹ̀ máa ń ṣe dáadáa sí i lẹ́yìn ìsinmi, àmọ́ ó ní ibi tó dé, tí ìbínú bá ti wá pọ̀ jù ọwọ́ wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ìyẹn ni pé líle dà bí owó, ẹ má ná an tán lọ́jọ́ kan.

Ó tún máa ń gbó. Riley yẹn kan náà di kóòṣì àgbà, ó gba ife mẹ́rin pẹ̀lú Lakers, ní 1990 wọ́n borí géèmù 63, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ kóòṣì ọdún, tíìmù Phoenix na wọ́n 4 sí 1 ní ìpele kejì playoffs, ó sì fi ibẹ̀ sílẹ̀. Lérò tèmi, ohùn kan náà fún ọdún mẹ́sàn-án, ó lè sú ẹnikẹ́ni. Steve Kerr tó jẹ́ kóòṣì Golden State Warriors rí irú ẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ti dé ìpele àṣekágbá lọ́dún mẹ́ta léra wọn, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ mọ́, ní oṣù kejì 2018 ó gbé bọ́ọ̀dù tí kóòṣì fi ń yàwòrán bí wọ́n ṣe máa gbá lé àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ pé kí wọ́n kọ́ ara wọn nínú géèmù pẹ̀lú Phoenix, Andre Iguodala ń yàwòrán, Draymond Green ń yàwòrán, wọ́n fi 129 sí 83 borí, wọ́n sì gba ife lọ́dún yẹn. Àwọn kan bínú pé wọ́n fi Phoenix wọ́lẹ̀, èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ohùn yín ti di ariwo ẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kí igbákejì yín sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ibi tí kò ní àríyànjiyàn: ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ ò gbọ́dọ̀ bú ìdílé wọn tàbí ara wọn. Yunifásítì Rutgers lé kóòṣì wọn ní 2013 lẹ́yìn tí fídíò jáde tó ti ń ju bọ́ọ̀lù lu àwọn ọmọ, tó ń tì wọ́n, tó ń bú wọn. Ìyẹn kì í ṣe líle, ìwà ìkà ni.

Àmì pé ẹ ti ń kọjá àyè kì í pariwo. Ẹ máa rí i pé tẹ́nì kan bá ta bọ́ọ̀lù tí ò wọlé, ojú ẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sí bẹ́ǹṣì kó tó padà sí kọ́ọ̀tù. Àwọn tó máa ń béèrè bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀ á máa sá fún un nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú kan. Èyí tó burú jù ni kí ẹnì kan máa fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún pa mọ́ torí kẹ́ ẹ má bàa pè é ní ọ̀lẹ. Tẹ́ ẹ bá rí ẹyọ kan nínú wọn, ẹ dẹwọ́ kíákíá, ẹ bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀ nìkan, kí dókítà tíìmù yẹ ẹ́ wò.

Tó bá sì jẹ́ òdìkejì lẹ rí, pé nígbà tí wọ́n fi pọ́ìntì 18 ṣáájú, ẹnì kan ò sáré padà, kẹ́ ẹ tó la ẹnu, ẹnì kejì ẹ̀ ti kọjú sí i pé "Ṣé o ti ń lọ sílé ni?", ẹ jókòó, ẹ má bá wọn dá sí i.