Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ọgbà Ilé Tí Ẹ̀ẹ̀rùn Kò Ní Pa

Ní oṣù kẹfà, ọgbà gbogbo ènìyàn ló dára. Ní ilẹ̀ Okun wa ní Ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbà títí dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ́, ohun tí a bá dà sílẹ̀ ló ń hù. Oṣù kìn-ín-ní la máa ń mọ ọgbà tí a fọgbọ́n ṣe. Òjò máa ń dá bí oṣù kẹwàá bá ń parí lọ, ó sì ń di nǹkan bí oṣù kẹrin kó tó tún rọ̀ dáadáa. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ fi sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń wọn ilẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo oòrùn. Ẹ gún igi kéékèèké sí ibi tí òjìji dé láago 8 àárọ̀, láago 12 àti láago 4 ìrọ̀lẹ́. Ewébẹ̀ ń fẹ́ oòrùn tó wákàtí 6 lójúmọ́. Ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́, oòrùn máa ń tẹ̀ sí gúúsù, òjìji ilé a sì gùn sí àríwá. Ìhà gúúsù ló yẹ ewébẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ fi ìhà àríwá sílẹ̀ fún kókò, tí òjìji kì í dí lọ́wọ́.

Ẹ wá gbẹ́ kòtò tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, kí ẹ da garawa omi kan sí i. Yangí pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ wa, àpáta ló sì wà níbòmíràn. Bí omi náà bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, gbòǹgbò yóò jẹrà níbẹ̀. Ẹ fi ibẹ̀ ṣe ibi ìjókòó.

Kí bẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ojú ilẹ̀ tí a ṣètò láti gbin ewébẹ̀ sí, má fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ, kí ọwọ́ lè dé àárín rẹ̀ láìjẹ́ pé a tẹ erùpẹ̀ mọ́lẹ̀. Gígùn ẹsẹ̀ bàtà 10 tó, kí poro àárín wọn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 kí bárò lè kọjá. Bárò kan ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó ti gbẹ tó fún bẹ́ẹ̀dì kan. Tó bá jẹ́ ìgbẹ́ adìẹ, ìdajì bárò ni, kó sì ti wà nílẹ̀ tó oṣù kan. Tútù rẹ̀ máa ń jó gbòǹgbò, etí ewé a sì gbẹ bí èyí tí iná rà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe nìyí: bẹ́ẹ̀dì òjò kọ́ ni bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ẹ̀rùn. Lásìkò òjò, ẹ gbé e ga ní ínṣì 8 kí omi má bàa dá sí i. Bí òjò bá ti dá, ẹ tú u palẹ̀, ẹ gbẹ́ ẹ wọlẹ̀ ní ínṣì 3 tàbí 4, kí ẹ fi erùpẹ̀ tí ẹ kó jáde ṣe etí yí i ká bí àwo. Ẹni tó bá ń bomi sórí bẹ́ẹ̀dì gíga nínú ọyẹ́, poro ló ń fún lómi mu. Bẹ́ẹ̀dì kan ń fẹ́ garawa lítà 20 lójúmọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀: bẹ́ẹ̀dì 3, lítà 60. Bí kànga yín bá máa ń fà ní oṣù kejì, ẹ ṣe méjì péré.

Ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí èèpo ẹ̀pà bo ilẹ̀ kó má bàa tètè gbẹ, ṣùgbọ́n kó jìnnà sí ìdí ewé ní ínṣì 2. Ikán máa ń wá jẹ koríko yẹn, láti ibẹ̀ ló sì ń bọ́ sí ìdí ata.

Ọgbà tí a kò ṣe ọgbà yí ká, ewúrẹ́ ló ni ín. Ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, ẹ gé igi lápálápá ní ẹsẹ̀ bàtà 3, ẹ ri ẹsẹ̀ bàtà 1 wọlẹ̀, kí ó súnmọ́ra ní ínṣì 6. Ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́. Èso rẹ̀ lóró o; níbi tí ọmọdé bá ti ń ṣeré, ẹ lo pèrègún. Ìhà àríwá ìlà-oòrùn ni kí ọgbà yìí ki jù, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń wá.

Èso ewédú le lẹ́yìn. Ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ rì í sínú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, ẹ ka 1 dé 10, kí ẹ sọ ọ́ sínú omi tútù, kí ẹ tó gbìn ín. Tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀: ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn, ó ń tó jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ 4. Ẹ má ṣe gbin tòmátì ní oṣù keje, ewé rẹ̀ yóò jẹrà. Ẹ fọ́n ọn ní ìparí oṣù kẹsàn-án, kí ẹ ṣí i lọ sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4. Òtútù òru ọyẹ́ máa ń jẹ́ kí òdòdó rẹ̀ di èso. Ẹ gé igi ewúro ní ẹsẹ̀ bàtà 1, ẹ rì í sí etí, ó parí.

Fún ẹwà, òdòdó ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ń pè ní bougainvillea ni tèmi. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń tanná jù. Bí ẹ bá ń bomi sí i lójoojúmọ́, ewé lásán ni yóò yọ.

Ní ti ibi ìjókòó, ẹ gbin mángòrò sí ìhà ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ kó lè dí oòrùn ìrọ̀lẹ́, kó sì jìnnà sí ògiri àti sokéwèé (kòtò omi ìdọ̀tí ilé) ní ẹsẹ̀ bàtà 25. Omi ilé ìwẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ darí rẹ̀ sí, kì í ṣe ewébẹ̀. Kí mángòrò tó dàgbà, ẹ ta búkà ewé ọ̀pẹ síbẹ̀, kí ẹ gbin efinrin méjì mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ àga.