Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Gba PIP Mọ́ Àwọn Ará Wa Lọ́wọ́ ní Ìlú Ọba

Wọ́n ti kọ́ wa nílé pé èèyàn kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn. Bí wọ́n bá bi wá pé "Ṣé ara le?", kódà kí eegun ti máa ro wá láti òru mọ́jú, "A dúpẹ́" la máa fi dáhùn. Ìwà ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n níwájú ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò fún PIP (Personal Independence Payment, owó tí ìjọba ń fún ẹni tí àìsàn tàbí àbùkù ara ń dí lọ́wọ́), "a dúpẹ́" yẹn ni wọ́n máa kọ sílẹ̀ pé ara yín dá ṣáṣá. Àṣìṣe yìí ló ń dùn mí jù lọ, torí ẹni tí owó náà tọ́ sí gan-an ló ń pàdánù rẹ̀.

PIP ló rọ́pò DLA (Disability Living Allowance), owó akanda ẹ̀dá ti tẹ́lẹ̀, láti ọdún 2013 fún àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 16 tí wọn ò tíì tó ọjọ́ orí owó ìfẹ̀yìntì ìjọba. Wọn kì í wo iye tó wà ní báńkì yín, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà sì lè gbà á. Scotland ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, Adult Disability Payment, ọ̀nà tibẹ̀ sì yàtọ̀ sí èyí tí mò ń sọ yìí.

Àwọn kan á kọ "ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, oríkèé ríro" sínú fọ́ọ̀mù, wọ́n á so lẹ́tà ọsibítù mọ́ ọn, ó parí. Orúkọ àìsàn kì í gba máàkì. Ohun tí àìsàn náà kò jẹ́ kí ẹ lè ṣe ni wọ́n ń wò: nǹkan mẹ́wàá nípa ìgbé ayé ojoojúmọ́, bíi oúnjẹ sísè, ìwẹ̀, aṣọ wíwọ̀ àti oògùn lílò, àti méjì nípa ìrìn. Ní apá kọ̀ọ̀kan, máàkì 8 ló ń mú owó ìpele àkọ́kọ́ wá, 12 ló ń mú èyí tó pọ̀ jù wá.

Ẹ jẹ́ ká mú oúnjẹ sísè. Wọ́n bi ìyá kan tí oríkèé ọwọ́ ń bá jà pé, "Ṣé ẹ lè dáná?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá wo ló fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé òun kò lè dáná nílé òun? Kò sọ pé ọmọ òun ló ń bá òun bó iṣu. Kò sọ pé ọ̀bẹ ti já bọ́ lọ́wọ́ òun rí, tàbí pé òun kò lè gbé ìkòkò omi gbígbóná kúrò lórí iná. Kò sì sọ pé lọ́jọ́ tí òun bá fi tipátipá ṣe é, orí bẹ́ẹ̀dì lòun máa ń wà di alẹ́. Máàkì bọ́ lọ. Ẹ má sì gbé ẹjọ́ yín ka orí àmàlà rírò tàbí iyán gígún o. Oúnjẹ kékeré tí ẹnì kan lè jẹ, tí a fi èròjà tútù (tí a kò tíì sè tẹ́lẹ̀) sè lórí iná, ni wọ́n ń béèrè.

Òfin kò ní kí ẹ kàn lè ṣe é ṣáá. Ẹ gbọ́dọ̀ lè ṣe é láìséwu, kó dára dé ibi tó yẹ, kí ẹ lè tún un ṣe nígbà tó bá yẹ, kó má sì gbà yín ju ìlọ́po méjì àkókò tó ń gba ẹni tára rẹ̀ dá. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí bá yẹ̀, ẹ kò lè ṣe é nìyẹn lójú òfin. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní èyí tó ju ìdajì àwọn ọjọ́ lọ ni wọ́n sì ń kà. Nítorí náà, ẹ má fi ọjọ́ kan tí ara yá dáhùn fún gbogbo ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá ní "mo máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì", ẹ sọ ẹni tó ń wà yín dé ẹnu ọ̀nà, àti iye ìgbà tí ẹ dúró mí kí ẹ tó dé orí ìjókòó.

Ẹ má fi ọmọ ṣe ògbufọ̀ bí ojú bá máa tì yín láti sọ ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ létí rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wá ògbufọ̀ fún yín, ẹ kò ní san kọ́bọ̀. Ẹ má sì bù mọ́ ọn. Òótọ́ tó kún ti tó.

Ọ̀rọ̀ fisa ṣe pàtàkì ju owó lọ. Ẹni tí wọ́n kọ "no recourse to public funds" sí fisa rẹ̀, ìyẹn ni pé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́ ìjọba, kò gbọ́dọ̀ béèrè PIP, torí ó lè ba ìwé ìgbélùú rẹ̀ jẹ́. Kí onítọ̀hún kọ́kọ́ rí agbẹjọ́rò tó mọ̀ nípa ìwé ìgbélùú.

Nígbà tí lẹ́tà bá dé pé wọn kò fún yín, ẹ má wí pé "a fi í fún Ọlọ́run" kí ẹ wá jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Oṣù kan péré lẹ ní láti ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà náà láti béèrè mandatory reconsideration, ìyẹn àtúnyẹ̀wò ìpinnu náà. Ẹ gba ìròyìn ẹni tó ṣàyẹ̀wò yín, ẹ kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ibi tí kò ti bá ohun tí ẹ sọ mu. Bí ìdí gidi bá wà tí ẹ fi pẹ́, wọ́n ṣì lè gbà á láàárín oṣù 13. Àwọn kan máa ń fi èyí sílẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ fọ́ọ̀mù tuntun, owó oṣù tó ti kọjá á sì wọmi.

Wọ́n sábà máa ń tún sọ pé rárá ní ìpele yìí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń jáwọ́. Ẹ má jáwọ́. Ẹ gbé e lọ sí tribunal, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí lábẹ́ DWP, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń san PIP: adájọ́ kan, dókítà kan àti ẹnì kan tó mọ ìgbé ayé akanda ẹ̀dá ló máa ń jókòó níbẹ̀, ẹ kò sì san nǹkan kan. Èyí tó ju ìdajì ẹjọ́ PIP tí wọ́n gbọ́ níbẹ̀ ni olùbéèrè ti ń jàre. Oṣù kan náà lẹ ní láti kọ̀wé sí wọn lẹ́yìn èsì àtúnyẹ̀wò. Ẹ má yan kí wọ́n fi ìwé nìkan dá a. Ẹ yọjú, tàbí kí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí ara yín ṣe rí lọ́jọ́ tí DWP ṣe ìpinnu ni wọ́n máa wò, kì í ṣe ohun tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá ti ń gba díẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ gba ìmọ̀ràn kí ẹ tó lọ, torí wọ́n lè dín in kù pẹ̀lú.

DWP lè pè yín kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé, kí wọ́n ní àwọn fẹ́ fún yín ní iye kan. Ẹ má sọ pé "ó ti dáa" lójú ẹsẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fún yín láyè láti ronú, kí ẹ fi iye náà hàn wọ́n ní Citizens Advice, àjọ tó ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ tó pe DWP padà.