Tíìfí Yín Ò Bàjẹ́ O: Bí Ẹ Ṣe Máa Kúrò Lórí Ánálọ́ọ̀gù Bọ́ Sórí Díjítà Láìná Ìnákúnàá

Ẹ̀gbọ́n màmá mi tó ń gbé ní Nyanya, ní Àbújá, tí gbogbo wa ń pè ní Bíìgì Mọ́mì, ló pè mí láàárọ̀ Sátidé kan pé tíìfí àwọn ti kú, kí n bá àwọn wá màlámù tó ń ra kòǹdẹ́mù. Mo ní kí ló ṣe é, wọ́n ní láti ìjẹta, ìrì funfun ló kàn ń dà bò ó, ó ń pariwo ṣàà bí epo tí wọ́n da àkàrà sí. Nígbà tí mo débẹ̀, tíìfí ò kú rárá. Sitéṣọ̀n tí wọ́n ń wò ni ò sí lórí ánálọ́ọ̀gù mọ́, ìyẹn ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń gbé tíìfí gba afẹ́fẹ́, tíìfí wọn sì ti pẹ́ láyé, kò gbọ́ èdè díjítà tó jẹ́ ọ̀nà tuntun. Dìkódà kékeré kan, ìyẹn àpótí tó ń túmọ̀ díjítà fún tíìfí, àti ẹ́ríà tá a gbé dúró dáadáa ló parí ẹ̀. Torí náà, kẹ́ ẹ tó gbé tíìfí yín fún ẹnikẹ́ni, ẹ ka eléyìí ná.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ṣá. Ọdún 2006 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti jókòó ní Geneva, wọ́n fẹnu kò pé tó bá fi máa di ọjọ́ 17 oṣù kẹfà 2015, kí àwa tá a wà ní Áfíríkà àti Yúróòpù ti kúrò lórí ánálọ́ọ̀gù, ọjọ́ yẹn wá kọjá lórí wa ní Nàìjíríà bí ẹni pé ẹnì kankan ò dá a. Jos ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé FreeTV, ìyẹn tíìfí díjítà tiwa, jáde ní oṣù kẹrin 2016, Àbújá tẹ̀lé e ní oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà, lẹ́yìn náà ló kan Kàdúná àti Ìlọrin, ti Kánò di 2021. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é ni pé ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí ánálọ́ọ̀gù ń fi gbé sitéṣọ̀n kan ṣoṣo, díjítà lè kó bíi mẹ́wàá, àní jù bẹ́ẹ̀ lọ, sínú ẹ̀, ààyè tó bá sì ṣẹ́kù, àwọn oní-fóònù lè fi gbé íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan wáyà kankan o. Ánálọ́ọ̀gù máa ń ṣàánú èèyàn, bí sígínà ò tiẹ̀ tó, ẹ ṣì máa rí ojú oníròyìn láàárín ìrì, ẹ ó máa gbọ́hùn ẹ̀, ẹ ó sì máa wò ó bẹ́ẹ̀. Díjítà ò láàánú. Bí sígínà bá tó, àwòrán á mọ́ gaara, bó bá fi díẹ̀ dín sí ohun tó ń fẹ́, á máa gé, ojú èèyàn á pín sí igun-igun, ohùn á máa já, tó bá tún wá dín sí i, ó dúdú nìyẹn. Ìyẹn ló ń jẹ́ káwọn èèyàn rò pé dìkódà ò dáa, wọ́n á pààrọ̀ dìkódà, wọ́n á pààrọ̀ tíìfí, ẹ́ríà tó wọ́ sórí pánù ni ò sẹ́ni tó wò ó.

Ó yá, ẹ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀yìn tíìfí yín wò. Bẹ́ ẹ bá rí ihò mẹ́ta tó jẹ́ yẹ́lò, pupa àti funfun, AV nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá rí ihò pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ HDMI sí, ó tún dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ ihò ẹ́ríà nìkan ló wà níbẹ̀, bíi ti àwọn tíìfí oníkùn ńlá ayé ìgbà yẹn, ẹ ò tíì pàdánù: ẹ wá nǹkan kékeré tí wọ́n ń pè ní RF modulator, tàbí kẹ́ ẹ fa fídíò oní-kásẹ́ẹ̀tì yẹn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ ki wáyà AV dìkódà bọ inú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi wáyà ẹ́ríà so òun mọ́ tíìfí. Mo ti ṣe é rí, ó ṣiṣẹ́.

Bó bá jẹ́ tíìfí tuntun ni, ẹ wò ó lára páálí ẹ̀ tàbí nínú ìwé tó bá a wá bóyá wọ́n kọ DVB-T2 síbẹ̀, orúkọ irú díjítà tí wọ́n ń lò níbí nìyẹn. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ so ẹ́ríà mọ́ ọn tààrà, ẹ fi dán an wò kẹ́ ẹ tó náwó. Nígbà míì ó lè rí orúkọ sitéṣọ̀n ṣùgbọ́n kó kọ̀ láti ṣí i, torí wọ́n ti tì í pa, dìkódà tí wọ́n ṣe fún un ló ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀.

Tó bá wá kan ríra dìkódà, ibí ni wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ jù. DVB-T2 lẹ ń wá. Bí wọ́n bá kọ DVB-T láìsí 2 níbẹ̀, kò ní bá yín ṣe é, bó bá jẹ́ DVB-S2, oní-díìṣì nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta tokunbo fún yín torí pé ìlú òyìnbó ló ti wá o, ti Amẹ́ríkà, ATSC ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, kò bá tiwa mu rárá, ọ̀pọ̀ dìkódà Lọ́ńdọ̀nù tó ti pẹ́ náà sì jẹ́ DVB-T lásán. Ẹ bi wọ́n bóyá owó oṣù wà níbẹ̀, torí GOtv àti StarTimes náà ń lo ẹ́ríà ṣùgbọ́n ẹ ó máa sanwó fún wọn ni. Yálà Wuse lẹ ti rà á o, yálà ẹ̀gbẹ́ títì ní Mararaba ni, ẹ ní kí wọ́n tàn án lójú yín, ẹ tẹ rìmóòtù ẹ̀ wò, ẹ má sì sọ páálí ẹ̀ nù, nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀ ni wọ́n máa béèrè lọ́jọ́ tó bá ní wàhálà.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ẹ́ríà wàyí, òun gan-an niṣẹ́. Àwọn tó ń ta "ẹ́ríà díjítà" kàn ń ṣe ojú ayé ni, ẹ́ríà ò mọ díjítà yàtọ̀ sí ánálọ́ọ̀gù. UHF ló yẹ kó jẹ́, ìyẹn èyí tí irin ẹ̀ kúrú tó sì tò bí eegun ẹja. Bí tiyín tẹ́lẹ̀ bá jẹ́ UHF tí kò tíì dógùn-ún, ẹ lò ó. Ẹ gbé e síta, sókè, torí pánù orí ilé máa ń dá sígínà dúró, ẹ́ríà inú pálọ̀ ò ní ṣe nǹkan kan fún yín àfi bẹ́ ẹ bá sún mọ́ máàsì, ìyẹn òpó gíga tí sitéṣọ̀n fi ń gbé sígínà jáde. Lọ́pọ̀ ìgbà, irin ẹ̀ máa ń nà gbalaja bí ẹni tó sùn, kì í dúró ṣánṣán. Ẹ wo ibi tí ẹ́ríà àwọn aládùúgbò kọjú sí, ẹ kọjú tiyín síbẹ̀.

Àbújá wá jẹ́ ìlú àpáta. Ẹni tó bá ń gbé lẹ́yìn òkè ní Mpape tàbí Katampe mọ ohun tí mò ń sọ, láyé ánálọ́ọ̀gù, gbogbo èèyàn inú tíìfí ló ní ìbejì tó dúró lẹ́yìn ẹ̀. Díjítà ò ní fún yín ní ìbejì mọ́, ṣùgbọ́n bí àpáta bá dí sígínà yín lọ́nà pátápátá, ẹ fi kún gígùn pólù, tàbí kẹ́ ẹ yí ẹ́ríà sí apá ibòmíì, nígbà míì sígínà á ti fara gbá òkè kejì kó tó débi tẹ́ ẹ wà. Wáyà ẹ́ríà tí wọ́n kọ RG6 sí lára ni kẹ́ ẹ fi fà á wọlé, kó má ní oríkèé láàárín. Kí pólù jìnnà sí wáyà Nẹ́pà o, mo tọrọ gáfárà, ẹ̀mí ò láàrọ̀. Bí òjò bá sì ń bọ̀ pẹ̀lú àrá, ẹ yọ wáyà ẹ́ríà kúrò lẹ́yìn dìkódà.

Síso ò le. Wáyà ẹ́ríà bọ inú ihò ANT IN, AV tàbí HDMI bọ́ sí tíìfí, ẹ tan méjèèjì, ẹ fi rìmóòtù tíìfí tẹ Source títí ẹ ó fi rí ojú dìkódà.

Ẹ wọ inú Menu, ẹ mú Nigeria níbi tó bá ti béèrè orílẹ̀-èdè, ẹ tẹ Auto Scan. Bí kò bá rí nǹkan kan, ẹ má tíì bínú, ẹ lọ síbi Manual Scan, ẹ ó rí ìlà méjì, Strength, ìyẹn bí sígínà ṣe lágbára tó, àti Quality, ìyẹn bó ṣe dáa tó. Strength lè ga kí Quality má sí, Quality yẹn sì lẹ ń wá. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dúró ti tíìfí, kí ẹnì kejì máa yí ẹ́ríà díẹ̀díẹ̀, kó máa dúró bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lẹ́yìn ìyípo kọ̀ọ̀kan, torí díjítà máa ń pẹ́ kó tó gbá sígínà mú. Ibi táwọn èèyàn ti ń kùnà nìyí, wọ́n á yí i gbìrì gbìrì bí ìgbà ánálọ́ọ̀gù, wọ́n á kọjá ibi tó dáa láìmọ̀. Tó bá ti dúró, ẹ sikirú ẹ̀ le, ẹ tún Auto Scan ṣe.

Bó bá ń gé lálẹ́ nìkan, ẹ pa àwọn gílóòbù LED tí ò dáa àti jẹnẹrétọ̀ wò ná. Búsítà wúlò fún ẹni tó jìnnà, àmọ́ fún ẹni tó sún mọ́ máàsì, bíba nǹkan jẹ́ ló ń ṣe, sígínà á pọ̀ jù. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi dìkódà kan wo tíìfí méjì, nǹkan kan náà ni méjèèjì máa fi hàn, ẹ má lọ dá ìjà ìyàwó àti ọkọ sílẹ̀ lórí bọ́ọ̀lù.

Ti Bíìgì Mọ́mì, rìmóòtù méjì ló dà wọ́n lọ́kàn rú. Mo fi pupa èékánná kun Source lára ti tíìfí, mo fi rọ́bà dì í mọ́ ti dìkódà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí ìròyìn NTA ti aago mẹ́sàn-án bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún pè mí: "Ìrì ti dé o." Mo ní, "Mà, ẹ tẹ pupa yẹn." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ̀ẹ́n, ó ti dé. Ó dàárọ̀."