Gbogbo wọn ló ń tọ́jú inú ajá mi, kò sẹ́ni tó fẹ́ yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò

Bí mo bá ṣírò owó tí mo ná sórí inú ọmọ ajá yìí, ó ju owó tí mo fi ra ajá náà fúnra rẹ̀ lọ. N kò ṣàsọdùn. Mo sì rà á wọ́n o, torí ẹni tó tà á fún mi búra pé ojúlówó Boerboel ni, pé wọ́n ti fún un lóògùn aràn, pé abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti pé. Ohun tó ń bí mi nínú títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí ni pé ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ náà ló pọ́ọ́kú jù nínú gbogbo ohun tí mo sanwó fún: kí ẹnì kan mú ìgbẹ́ ajá, kó yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ maikirosikóòpù. Ó tán. Àmọ́ kí n tó rí ẹni tó máa ṣe é, ojú mi rí nǹkan.

Àkóbọ̀ ní Ìbàdàn la wà, Tanímọ̀la lorúkọ ajá náà. Bí mo ṣe gbé e wálé, bí mo ṣe kọ́ ọ níbi tó máa yàgbẹ́ sí, n kò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Ẹni tó bá ti sin ajá rí mọ gbogbo rẹ̀. Inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìgbẹ́ náà kì í ṣe olómi lójoojúmọ́. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni, bóyá wọn ì bá tètè dá mi lóhùn. Láàárọ̀ á dì díẹ̀, lọ́sàn-án á rọ̀, tó bá di alẹ́, ẹ ò ní lè fi páàkà kó o nílẹ̀ mọ́, omi lẹ máa dà sí i. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ máa ń bò ó, àwọ̀ rẹ̀ á ṣì, òórùn rẹ̀ á sì lé àlejò kúrò níwájú ilé. Síbẹ̀ ajá ń jẹun, ajá ń ṣeré, ó ń fa bàtà àwọn ọmọ mi ya. Kò kàn sanra ni. Ẹ lè ka egungun ìhà rẹ̀.

Dókítà ajá tó sún mọ́ wa ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá. A ò tíì gbé e sórí tábìlì tán tó ti ní aràn ni. Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó fún un lóògùn aràn, ó fi Flagyl lé e. Inú dì. Mo dúpẹ́, mo tún bu owó epo mọ́tò lé owó rẹ̀. Oògùn tán, ìgbẹ́ padà. A tún lọ. Abẹ́rẹ́ mìíràn, Flagyl mìíràn, ó tún dì, ó tún tú. Nígbà tó yá, ó ní àfi ká yẹ̀ ẹ́ wò fún parvo. Ọ̀rọ̀ yẹn kó jìnnìjìnnì bá mi, torí mo mọ ohun tí parvo ń ṣe: ajá tó bá ní in kì í jẹun, á máa bì, á máa ya ẹ̀jẹ̀, ó sì lè kú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Tèmi ń lé adìẹ aládùúgbò kiri láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Wọ́n fi òwú nù ún nídìí, wọ́n kán omi rẹ̀ sórí ike pẹlẹbẹ kan, ilà kan péré ló yọ. Kì í ṣe parvo. Mo sanwó ìyẹn náà.

Lẹ́yìn èyí ni gbogbo àdúgbò di dókítà. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ níwájú ilé wa ní kí n da epo pupa sí i lẹ́nu. Bàbá láńlọ́ọ̀dù ní ajá òyìnbó kì í gbé ilẹ̀ wa pẹ́, kí n lọ ra ajá ìbílẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní London fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé oúnjẹ ni kí n yí padà, mo bá lọ ra àpò oúnjẹ ajá tí wọ́n kó wọlé láti òkè òkun. Tanímọ̀la jẹ ẹ́ tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó sì fi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà yà á dànù. Ẹni tó ń ta oògùn ní kọ̀rọ̀ wa ti fẹ́ fún mi ní albendazole, oògùn aràn táwa èèyàn ń lò. Mo béèrè kí n tó lò ó, ẹ ṣeun Olúwa: oògùn yẹn lè ba mùdùnmúdùn egungun ajá jẹ́, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Ẹ má fún ajá ní ohun tí ẹ rí nínú páálí oògùn ara yín.

Ọjọ́ kan ni mo wá bi dókítà àkọ́kọ́ yìí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ò ní yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò ni?"

"Màmá Tanímọ̀la, ẹ fọkàn balẹ̀. Ajá là ń tọ́jú, a kì í tọ́jú ìgbẹ́."

Àwọn tó jókòó ń dúró rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí ó fi ya bébà, ó kọ ọ́ pé kí wọ́n wá ẹyin aràn nínú ìgbẹ́, kò sì sọ ibi tí mo máa gbé e lọ. Mo rò pé láàbù ni láàbù. Mo gba ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwa èèyàn wò lọ, nítòsí ibi iṣẹ́ mi. Obìnrin tó wà ní káńtà fa fọ́ọ̀mù yọ.

"Orúkọ aláìsàn?"

Mo ní Tanímọ̀la.

"Ọjọ́ orí?"

Mo ní oṣù mẹ́ta àbọ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Ọlọ́run á wò ó sàn. Ṣé ọyàn nìkan ló ń mu?"

Mo ní rárá, wọ́n ti gbà á lẹ́nu ọmú, ìrẹsì àti adìẹ ló ń jẹ. Ó wò mí díẹ̀, ó ń kọ ọ́ lọ.

"Ọkùnrin àbí obìnrin?"

Mo ní akọ ni.

Bírò rẹ̀ dúró. Ó fi ìdí bírò náà ti ike ìgbẹ́ yẹn padà sọ́dọ̀ mi lórí káńtà, díẹ̀díẹ̀, ó sì lọ fọwọ́.

Wọ́n júwe láàbù tó jẹ́ ti ẹran fún mi, òdìkejì ìlú pátápátá. Kí ọkọ̀ tó já mi sílẹ̀, oòrùn ti ṣiṣẹ́ lára ohun tí mo gbé. Ọkùnrin tó gbà á ṣí ike, ó ní ó ti gbẹ, kí n mú tuntun wá. Mo mú tuntun wá lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n gbà á, wọ́n gba owó, wọ́n sì kọ ọ́ sínú bébà pé kò sí ẹyin aràn. Ẹ wo ayọ̀ dókítà mi nígbà tí mo gbé bébà náà dé! Ó ń fì í lókè: "Ṣé ẹ rí i báyìí?" Ajá ń yàgbẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Mo gbé bébà náà padà sí láàbù láti lọ jà. Ìjà ni mo gbé lọ lóòótọ́. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Mà, ẹyin aràn ni wọ́n kọ pé ká wá, ẹyin aràn la sì wá." Ó wá ṣàlàyé ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí. Ohun kan wà tó ń jẹ́ Giardia, kì í ṣe aràn, kì í yé ẹyin, ojú lásán kò lè rí i. Inú ìfun kékeré ló ń lẹ̀ mọ́, kì í jẹ́ kí oúnjẹ wọ ara ajá dáadáa. Bó bá fẹ́ jáde, á fi èèpo bo ara rẹ̀, èèpo yẹn ló ń bá ìgbẹ́ bọ́ sílẹ̀, tí ajá mìíràn á sì gbé e mì nínú omi. Kì í jáde lójoojúmọ́. Òní lè pọ̀, ọ̀la kí ẹ má rí ẹyọ kan. Omi iyọ̀ tó ki, tí wọ́n fi ń mú ẹyin aràn léfòó, máa ń mú kí èèpo náà sún kì, ojú ò sì ní dá a mọ̀ mọ́. Omi zinc sulphate ló yẹ kí wọ́n fi wá a. Oògùn aràn tó wọ́pọ̀, irú pyrantel, kì í ràn án rárá. Flagyl a máa mú kó rọlẹ̀, kì í sì í fìgbà gbogbo tán an. Gbogbo ohun tí ojú mi ti rí látẹ̀yìn wá ló wà nínú àlàyé yẹn.

Ó ní kí n kó ìgbẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí n tọ́jú wọn sínú fìríìjì, kì í ṣe fíríísà, kí n sì mú ọ̀kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde dání, torí èyí tó wà láàyè kì í pẹ́ kú.

Ẹ̀yin náà ẹ wo ilé wa. Ọkọ mi dúró níwájú fìríìjì, ó ní, "Ìgbẹ́ ajá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gúsí mi?" Mo we é ní náílọ́ọ̀nù mẹ́rin, ó ṣì ń bínú. Àwọn oníná gbọ́ pé mo fẹ́ lo fìríìjì, wọ́n mú iná lọ. Mo ra áìsì lọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta ẹja yìnyín, mo kó ike sínú kúlà. Ọjọ́ tí mo wá gbé gbogbo rẹ̀ dé láàbù, iná ò sí níbẹ̀ náà. Maikirosikóòpù wọn ò lè ṣiṣẹ́ láìsí iná. Gẹ́n wà, epo ò sí nínú gẹ́n. Wọ́n rán ọmọdé kan lọ ra epo, ọmọ náà lọ bí ẹni tó lọ sí Lọ́kọ́jà. Nígbà tó dé, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ti lọ jẹun. Ìgbẹ́ tuntun mi sì ti di ti àtijọ́.

Ọmọbìnrin yẹn ní kí n jẹ́ kí ajá yà á níbẹ̀. Mo ti gbé Tanímọ̀la dání, mo bá mú un jáde, mo ń fà á yí ìdí igi máńgòrò kan po. Ajá tó ń ya kiri ilé mi látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ọjọ́ tí mo wá ń bẹ̀ ẹ́, ó jókòó, ó ń wo ẹyẹ. Àwọn ọmọ iléèwé ń kọjá, wọ́n ń bi mí pé kí lajá ṣe. Mo bú u, mo kí i, mo fún un lómi. Ìgbà tí mo sinmi ẹ̀bẹ̀ ló tẹ̀ ba. Mo fi ṣíbí ike gbé e, mo sáré wọlé pẹ̀lú gèlè lọ́wọ́.

Ó fi igi kékeré mú díẹ̀ nínú rẹ̀, ó pò ó mọ́ ẹ̀kán omi kan lórí gíláàsì, ó tẹ gíláàsì tín-ínrín lé e. Ó wò ó, ó yí nǹkan kan sọ́tùn-ún sósì, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n wá wò. Mo kọ́kọ́ rí irun ojú ara mi. Nígbà tí ojú mi mọ́lẹ̀, mo rí àwọn Giardia náà: wọ́n rí ṣóńṣó nídìí, wọ́n fẹ̀ lórí, wọ́n ń yí gbirigbiri bí ewé tó ń já bọ́ láti orí igi. Mo pariwo débi pé ẹni tó lọ jẹun sáré wá wò.

Ìtọ́jú kò le. Dókítà ẹran tó wà níbẹ̀ gbé e sórí ìwọ̀n, kílò 6 ni. Fenbendazole ló kọ, mílígírámù 50 fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, fún ọjọ́ 5, ìyẹn mílígírámù 300 lẹ́ẹ̀kan. Inú igo oògùn àgùntàn àti ewúrẹ́ la ti bù ú, torí òun lẹ ó rí nílé oògùn ẹran. Mílígírámù 100 wà nínú mílílítà 1, nítorí náà mílílítà 3 ni mo ń fi síríńjì aláìlábẹ́rẹ́ bù sínú oúnjẹ rẹ̀. Ìwọ̀n ajá tiyín lẹ máa lò o, ẹ má gbé tèmi.

Ohun tó lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni pé ajá lè tún un kó lára ara rẹ̀. Èèpo yẹn ń lẹ̀ mọ́ irun ìdí. Lọ́jọ́ tí oògùn parí, mo wẹ̀ ẹ́ tọṣẹtọṣẹ, ìdí rẹ̀ ni mo pọ̀jù lé lórí. Mo ń kó ìgbẹ́ bó ṣe ń bọ́ sílẹ̀, mo da omi gbígbóná sí àwo rẹ̀, mo sá ẹní rẹ̀ sóòrùn, torí ibi tútù tó lómi ni èèpo náà ti ń pẹ́ láyé, ibi gbígbẹ kò bá a lára mu. Mo fi iyanrìn dí kòtò omi tó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga wa. Èmi gbà pé ibẹ̀ ló ti kó o, ọkọ mi gbà pé ilé ẹni tó tà á ni. A ò tíì parí ìyẹn. Mo sì ní káwọn ọmọ máa fọwọ́ bí wọ́n bá ti fọwọ́ kan ajá, torí irú Giardia ajá kan wà tó lè ran èèyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó wọ́pọ̀ lára wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

A tún ìgbẹ́ yẹ̀ wò lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan. Ẹ wá wo Tanímọ̀la báyìí! Ẹnu ọ̀nà wa ò gbà á mọ́. Bàbá láńlọ́ọ̀dù tó ní kí n lọ ra ajá ìbílẹ̀ ti ń bi mí pé ìgbà wo ló máa gùn.

Bí mo bá tún máa ra ajá, ìgbẹ́ rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí n tó wo káàdì àjẹsára kankan. Màá sì béèrè ní láàbù pé irú omi wo ni wọ́n fi ń wá nǹkan, kí n tó fi owó sílẹ̀. Dókítà ajá àdúgbò wa ti gbọ́. Ó pè mí láìpẹ́ yìí pé ajá oníbàárà òun kan ń ṣe irú ti Tanímọ̀la, ṣé mo lè fi nọ́ńbà láàbù yẹn ránṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́. Mo ní kó kọ́kọ́ pè wọ́n, kó béèrè bóyá epo wà nínú gẹ́n.